Ìyá Dín-in-kù ti Lunt Avenue

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Màmá Lotte ni ti dókítà tí wọ́n ná ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé ilé alájà mẹ́ta tó wà lórí Lunt Avenue ní Rogers Park nígbà náà tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ló mọ̀ ọ́n sọ jù.

Oṣù kìíní ọdún 1985 ni. Yìnyín ti bo Chicago dé orúnkún. Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò níbi tí yóò gbé mọ́tò sí lójú títì, àga ló máa ń gbé síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Gbogbo ayé á gbé àga sílẹ̀, wọ́n á padà sínú ilé lọ yáná. Màmá Lotte, tí kò ní mọ́tò rí láyé wọn, gbé àga ìdáná wọn sójú títì nítorí Sheldon, ọmọ wọn, tó ń bọ̀ láti Naperville. Nígbà tó sì jẹ́ pé wọn kò fọkàn tán àga náà, wọ́n jókòó lé e lórí.

Àga yọ̀. Màmá bá a yọ̀. Egungun ẹsẹ̀ òsì wọn kán. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dé, wọ́n kọ̀ jálẹ̀ kí awakọ̀ náà dúró síbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín.

Ní ọsibítù, dókítà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún wá dúró tì wọ́n. Sheldon ti dé nígbà náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ibùsùn, mà.”

“Mẹ́rin,” ni Màmá wí.

Dókítà rò pé wọn kò gbọ́ dáadáa ni. “Mẹ́fà, mà. Egungun ló kán.”

“Mo gbọ́. Mo ní mẹ́rin.”

“Mà, kì í ṣe èmi ni mo ń fi iye sí i. Iye ọjọ́ tí egungun fi ń jinná nìyẹn.”

“Egungun ta ni?”

“Egungun yín ni, mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí èmi àti òun yanjú ẹ̀. Ìwọ ṣáà kọ mẹ́rin sílẹ̀.”

Dókítà ní márùn-ún ààbọ̀. Màmá ní mẹ́rin. Dókítà ní márùn-ún. Ó ti já a dé mẹ́rin ààbọ̀ kó tó rántí pé òun kì í ṣe ọlọ́jà. Sheldon gbé ọwọ́ lérí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin pé, wọ́n tún ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà, dókítà yí fọ́tò sókè, ó yí i sísàlẹ̀, egungun ti so pọ̀. Ó béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe é. Màmá ń wọ bàtà lọ ní tiwọn. “Mo sọ fún un pé mi ò kì í gba iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè.”

Gàníyù, awakọ̀ takisí tó ń gbé àjà kejì, ló sọ wọ́n ní Ìyá Dín-in-kù lẹ́yìn èyí. Nígbà tí Màmá béèrè ìtumọ̀, ó sọ òótọ́ fún wọn, ó sì dúró de èébú. Màmá ní kó kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ àpótí lẹ́tà wọn nísàlẹ̀, lábẹ́ Birnbaum tí í ṣe orúkọ ọkọ wọn tó ti kú. Fún oṣù mẹ́ta ni afìwéránṣẹ́ fi ń béèrè ìgbà tí àlejò náà máa lọ.

Sìmíátù ni ìyàwó Gàníyù. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Oak Park ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1983 ni tọkọtaya náà kó dé Lunt, ọjọ́ tí wọ́n kó dé gan-an ni Sìmíátù pàdé Màmá lórí àtẹ̀gùn. Ó rí irun funfun, ó rí ojú àgbà, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà.”

Màmá wo ilẹ̀. Wọ́n wo Sìmíátù. Wọ́n gbé báàgì wọn kalẹ̀, àwọn náà rọra kúnlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa ilẹ̀ káàkiri.

“Kí ló sọnù?” ni wọ́n bi í. “Ṣé òrùka ni?”

Sìmíátù kò lè dìde, nítorí àgbà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá kò lè dìde, nítorí ọmọ ọlọ́mọ kò tíì rí nǹkan rẹ̀. Ibẹ̀ ni Gàníyù bá wọn, ó ru fóòmù lérí. Ó rí àgbà nílẹ̀, ẹ̀rù bà á pé bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó ju fóòmù nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Màmá wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. “Kí ni gan-an ni ẹ̀yin wọ̀nyí sọ nù?”

Láti ọjọ́ náà ni Sìmíátù kò ti sinmi mọ́. Arúgbó méjìlá ló ń tọ́jú ní Oak Park, ẹyọ kan ló wà nílé. Ẹyọ kan tó wà nílé yìí ló ń rẹ̀ ẹ́ jù. Bó bá ní òun ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá á ní márùn-ún. Bó bá ní kí wọ́n lo oògùn mẹ́ta, wọ́n á lo méjì, wọ́n á ní ẹ̀kẹta wà fún ìdúnàádúrà. “Màmá yìí á pa mí,” ni Sìmíátù máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ bó bá ti wọlé. Gàníyù á ní, “Ìgbà wo?” Sìmíátù á ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.”

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú ju Sìmíátù lọ ni Sheldon. Dókítà eyín ni, ilé rẹ̀ ní Naperville tóbi, ó sì ti kun yàrá kan sílẹ̀ de ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Lóṣooṣù ló máa ń wá, lóṣooṣù ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

“Mọ́mì, àjà kẹta ga jù fún yín. Ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lọ́dọ̀ wa. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó padà síbí.”

“Mi ò lọ.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní!”

“Mo gbọ́ ohun tí o ní.”

“Níbo ni àpótí yín wà? Ẹ jẹ́ n bá yín di ẹrù.”

“Àlùbọ́sà wà nínú ẹ̀.”

“Ẹ kó àlùbọ́sà jáde nínú ẹ̀!”

“Níbo ni kí àlùbọ́sà lọ?”

Òótọ́ ni o. Àpótí kan ṣoṣo tí Màmá ní, aláwọ̀ búráùn kékeré kan tí irin etí rẹ̀ ti dípẹtà, àlùbọ́sà ni wọ́n ń kó sí i, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ìdáná. Ọjọ́ tí Sìmíátù ń bá wọn bó àlùbọ́sà ló béèrè ìdí rẹ̀, kì í ṣe pé ó retí ìdáhùn gidi. Màmá kò dáwọ́ ọ̀bẹ dúró.

“Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Vienna, ọdún 1939. Hitler ti gba ìlú, wọ́n ń lé àwa Júù kiri bí ẹran. Wọ́n ní àwọn ọmọdé lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí England, ṣùgbọ́n kí òbí má tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi di àpótí yìí. Bàbá mi sin mí dé ibùdókọ̀, ó ní, ‘Lotte, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni, a ó wá bá ọ.’ Mo ní, ‘Mẹ́rin.’”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Ó ní, ‘Ó dára, mẹ́rin.’ Kíá, bẹ́ẹ̀ ló gbà. Mo rò pé mo ti jẹ ẹ́. Ìyá mi ń sunkún, èmi ń rẹ́rìn-ín.” Màmá ju àlùbọ́sà sínú abọ́. “Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, mo wọ kóòtù mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó gbà mí sílé ní Leeds. Wọ́n ní kí n wá jẹun, mo ní wọ́n ń bọ̀ wá mú mi.”

Wọn kò sọ bó ṣe parí. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù Vienna mọ bó ṣe parí. Sìmíátù fi apá nu ojú, ó dá àlùbọ́sà lẹ́bi.

“Ẹni tó bá tètè gbà,” ni Màmá wí, “kò ní í lọ́kàn láti ṣe é. Rántí ìyẹn bí o bá ń bá ènìyàn ná nǹkan. Gé èyí wẹ́wẹ́, ó tóbi jù.”

Láti ìgbà náà, Sìmíátù kò bá Sheldon bẹ Màmá mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá a lẹ́nu mọ́tò, ó ní kó jẹ́ kí òun máa yọjú sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó fi wọ́n sílẹ̀ sílé wọn. Sheldon ronú títí, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó ní, “Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́.” Bó ṣe sọ ọ́ jọ bí ìgbà tí ènìyàn ń kí ẹni tó ń lọ sógun.

Ìdáná Màmá pín sí méjì. Ṣíbí ẹran wà ní dúrọ́ọ̀ ọ̀tún, ṣíbí mílíìkì wà ní dúrọ́ọ̀ òsì, nítorí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí ẹran àti mílíìkì pàdé. Láàárín ìgbà tí ẹsẹ̀ Màmá kán, tí Sìmíátù ń bá wọn dáná, ó fi ṣíbí mílíìkì ro ọbẹ̀ adìẹ. Igbe tí Màmá ké láti orí àga, Gàníyù gbọ́ ọ nísàlẹ̀, ó gbé garawa omi.

“Fi sílẹ̀! Má fọ̀ ọ́! Má fi kan nǹkan kan mọ́!”

Nígbà tí Sìmíátù wọlé lọ́jọ́ kejì, ó rí ṣíbí náà. Ó dúró ṣánṣán nínú ìkòkò òdòdó lójú fèrèsé, wọ́n ri orí rẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè. Ọ̀bẹ kan àti fọ́ọ̀kì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìyá Màmá nìyẹn: ohun èlò tó bá ṣìnà, wọ́n á rì í mọ́ erùpẹ̀ kí ó lè mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún Sìmíátù? Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sì mọ ohun tí irú nǹkan báyẹn máa ń jẹ́. “Aúsùbílàhí!” Ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

“Gàníyù, Màmá ti ri nǹkan mọ́lẹ̀.”

“Kí ni wọ́n rì?”

“Ṣíbí. Ọ̀bẹ. Fọ́ọ̀kì. Wọ́n dorí wọn kodò.”

“Háà! Ta ni wọ́n ṣe é sí?”

“Ta ló fi ṣíbí ro ọbẹ̀ lánàá?”

Gàníyù rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Sìmíátù dúró títí Màmá fi sùn lọ lórí àga. Ó ka Àyátú Kúrísíyù lẹ́ẹ̀meje, ó hú gbogbo wọn, ó da erùpẹ̀ nù, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó sì fi ìfọ̀kànbalẹ̀ kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ ẹran. Nígbà tí Màmá jí, àfi bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tún ri gbogbo dúrọ́ọ̀ náà, nítorí wọn kò mọ èyí tó kó bá èyí. Kò sí ṣíbí ẹran kan lókè mọ́. Gbogbo ìkòkò òdòdó ilé dà bí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣíbí ike ni àwọn méjèèjì fi jẹun títí oṣù yẹn fi parí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé àwọn méjèèjì tán, Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹsẹ̀ wọn mú. “Ìwọ rò pé mo fẹ́ fi ṣíbí pa ọ́? Kí ni mo fẹ́ lọ fi ṣíbí ṣe? Màá ní kí o jẹ ọbẹ̀ tí o sè.”

Kódà Màmá ná ìrun pàápàá. Inú máa ń bí wọn bí ọ̀rọ̀ bá ń dùn lọ́wọ́ tí Sìmíátù á sì dìde pé àkókò ìrun ti tó.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mà.”

“Ta ló ná an fún yín? Wọ́n rẹ́ yín jẹ.”

Sìmíátù ṣe sùúrù, ó jókòó padà. Ó ṣàlàyé pé àádọ́ta ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi lélẹ̀; Ànábì Mùsá ló ní kí Ànábì wa padà lọ bẹ̀bẹ̀ kí a dín in kù, tí wọ́n sì ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, títí ó fi ku márùn-ún.

Màmá gbé ife tíì wọn kalẹ̀. “Mùsá? Mùsá tiwa?”

“Àwọn náà ni, mà.”

Ojú wọn ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ oyè. “Láti àádọ́ta sí márùn-ún,” ni wọ́n ń sọ sínú ara wọn. “Láti àádọ́ta!” Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà. “Kí ló dé tí wọ́n dúró lórí márùn-ún?”

Sìmíátù ní àsìtàgàfúrúlà, ó sáré lọ kí èyí tó wà nílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó kọjá.

Báyìí ni wọ́n ṣe bá a lọ títí di ọdún 1987, tí ọkàn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Dókítà sọ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ dá nìkan gbé mọ́. Sìmíátù ń gòkè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, lẹ́tà dé láti Ìsẹ́yìn pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ̀. Òun nìkan ni ọmọbìnrin tí ìyá náà bí. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọjọ́ kejì ni Sheldon dé. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń tiraka kó má hàn lójú rẹ̀.

“Ó ti parí nìyẹn, Mọ́mì. Robin lè wá máa sùn tì yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.” Robin ni ọmọ rẹ̀, ó wà ní yunifásítì nítòsí ibẹ̀. “Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ìdánwò. Ẹ ó bá mi lọ sí Naperville, a ó dá ilé padà fún onílé.”

“Bí Sìmíátù bá dé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé ńkọ́?”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún un.”

“Mo ní bó bá dé ńkọ́?”

Sheldon mí kanlẹ̀. “Bó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mi ò ní sọ̀rọ̀ Naperville mọ́ láé. Bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ẹ ó kó àlùbọ́sà jáde nínú àpótí.”

“Ó dáa,” ni Màmá wí. Wọ́n sì yíjú sí Sìmíátù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ná an. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sìmíátù ní mẹ́fà, kò sì sí àbùjá. “Mà, ojú ìyá mi ni, kì í ṣe tòmátì!” Lọ́jọ́ kejì, ó já a dé márùn-ún, Màmá sì sọ̀ kalẹ̀ wá tàwọn ti ọkàn wọn tó ń rẹ̀, wọ́n jókòó sáàárín pálọ̀, wọn kò jẹ, wọn kò mu. Gàníyù ní òun ń lọ wa takisí, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sì ni. Lọ́jọ́ kẹta, Sìmíátù bú gbàmù.

“Ó tó! Mẹ́rin! Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbéra kò sí nínú ẹ̀ o!”

“Ó wà nínú ẹ̀.”

“Kò sí! Ta ló ń ka ọjọ́ ìrìn-àjò mọ́ ọjọ́ ìjókòó?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ò lè rẹ́ mi jẹ báyẹn, mà! Ọjọ́ tí mo bá wà lókè òfúrufú, ṣé mo ti dé Ìsẹ́yìn ni?”

Ariwo wọn dé ojú títì. Nígbà tí wọ́n jàjà fẹnu kò sí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ti ìrìn-àjò tòun ti ìjókòó, òógùn bo Sìmíátù, ohùn rẹ̀ ti há. Ó dúró kí Màmá máa yọ̀. Wọn kò yọ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi kàn án léjìká.

“O jà,” ni wọ́n wí. “Bàbá mi kò jà.”

Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ọjọ́ Mọ́ńdè, ló gbéra. Màmá kì í sin ẹnikẹ́ni dé ibùdókọ̀ láti ìgbà Vienna. Wọn kò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Sìmíátù kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn tó wà ní títì.

Ohùn jáde láti inú. “Kí ló sọnù?”

“Kò sí, mà. Mo ń kí yín pé ó dàbọ̀ ni.”

“Méjìdínlọ́gbọ̀n.”

Nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ ní Nàìjíríà. Ọsibítù sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n fi tú báńdéèjì ojú kan, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí Sìmíátù gbéra, ojú kejì ṣì wà ní dídì.

“Òyìnbó wo ló ń ka ọjọ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ná?” ni ìyá rẹ̀ bi í. “Jókòó jàre. Ọmọ mi ni ọ́.”

Sìmíátù sọ ìtàn ibùdókọ̀ fún un, ó sì sọ ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó wọ kóòtù jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ tì í léjìká.

“Dìde, lọ di ẹrù ẹ.”

“Ojú yín ńkọ́, Ìyá mi?”

“Ọ̀kan tó là yìí ti tó mi í fi wò ọ́ lọ. Sọ fún un pé mo bù ú ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú tèmi.”

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí ọkọ̀ òfúrufú Sìmíátù balẹ̀ sí O'Hare. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Màmá ti wọ kóòtù. Wọ́n ní kí Sheldon gbé àwọn lọ pàdé rẹ̀. Sheldon pa ìsinmi rẹ̀ tì, ó gbé wọn lọ, ó ń ráhùn láti Lunt dé pápákọ̀. Ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ ọba ló ń bọ̀, wọn kì í dúró dè é fún wákàtí mẹ́jọ.

Aago mẹ́rin lù. Àwọn èrò jáde tán. Sìmíátù kò sí níbẹ̀.

“Mọ́mì,” ni Sheldon wí ní aago márùn-ún.

“Ilẹ̀ òní kò tíì ṣú.”

Ilẹ̀ ti ṣú níta. Sheldon fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó sì yíjú wò wọ́n. Wọ́n jókòó sétí àga, bọ́tìnì kóòtù wọn wà ní dídè dé ọrùn, báàgì wà lórí itan, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, bí ọmọ tí wọ́n ní kó má kúrò níbẹ̀ o. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìtàn náà. Kò rí i rí. Sheldon, tí kì í rántí ilé àdúrà àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wolẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kí òun pàdánù.

Aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni Sìmíátù já jáde nínú èrò. Ọkọ̀ ti fi í sílẹ̀ ní New York, òmíràn ló bá wá. Gèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà kan ti yọ. Ó rí Màmá, ó kúnlẹ̀ sáàárín gbogbo O'Hare.

“Ẹ kú ìdúró, mà.”

Màmá wo aago ara ògiri. “Aago mẹ́rin lo sọ.”

“Mà, New York ni—”

“Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú.”

Wọ́n di Sheldon lápá mú, wọ́n sì rọra gbé ẹsẹ̀ tó kán rí yẹn kalẹ̀, orúnkún kan, orúnkún kejì, títí àwọn náà fi kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ń yà fún wọn.

“Ẹ dìde, mà, ilẹ̀ tutù. Kí lẹ̀ ń wá?”

“Mo ti rí i,” ni Màmá wí.

Sìmíátù jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní ìyá òun bù wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú tirẹ̀. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

“Méjì péré?”

Wọn kò sọ̀rọ̀ Naperville mọ́. Ní oṣù kejìlá, dókítà pe Sheldon sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bóyá oṣù kan ló kù. Màmá gbọ́ láti orí ibùsùn. Wọ́n ní mẹ́rin. Èyí nìkan ni wọ́n ná sókè láyé wọn, wọ́n sì gbà á. Oṣù kẹrin ọdún 1988 ni wọ́n sùn, lórí ibùsùn ara wọn, ní àjà kẹta. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí ibi tó dára.

Ilé wọn ní Lunt náà ni Sheldon ti jókòó ọ̀fọ̀, lórí àpótí ìjókòó kékeré, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Ó ní Mọ́mì kò jẹ́ gbà kí wọ́n jókòó ọ̀fọ̀ wọn ní Naperville. Sìmíátù béèrè pé ọjọ́ mélòó ni.

“Méje.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

“Wọn ì bá ní mẹ́rin,” ni Sìmíátù wí.

Sheldon rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n, ẹ̀rín náà sì pẹ́ ju ẹ̀rín lọ. “Èyí ni mi ò ní dín kù fún wọn.”

Lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo ènìyàn ń wo ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ẹnì kan máa wọlé wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣì ń jókòó ṣe. Ẹnikẹ́ni kò dìde. Sheldon jókòó méje náà pé.

Lọ́jọ́ keje, Sìmíátù gòkè lọ kí i kó tó ti ilé pa. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, níbi tí àpótí àlùbọ́sà wà. “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà.” Sheldon dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo Sìmíátù, ó rọra fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, òun náà sì kúnlẹ̀.

Gàníyù ń bọ̀ lẹ́yìn, ó gbé abọ́ ẹyin sísè àti ṣíbí ike lọ́wọ́. Ó bá wọn bẹ́ẹ̀. Kò béèrè ohun tó sọnù. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.